Bàbá Ìyá Mi Tí Wọ́n Ní Ó Gbàgbé Ilé

Ìyá mi ló jí mi lọ́jọ́ tí mo ń lọ sí Kánò. Ilẹ̀ kò tíì mọ́, àmọ́ ó ti wẹ̀, ó ti wé gèlè, ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi bí ẹni pé òun gan-an ló fẹ́ wọkọ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e dé òpópónà mọ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti Kánò. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Àdùkẹ́, tó o bá dé ọ̀hún, bá mi wádìí ẹ̀ dáadáa. Ohun tó o bá rí ni kó o sọ fún mi. Bó bá jẹ́ pé ó gbàgbé mi ni, má bò ó."

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ló ń sọ. Jékọ́bù Pópóọlá lorúkọ rẹ̀, tẹ́lọ̀ ni, ará Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ìyá mi ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́ nígbà tí ọkùnrin náà lọ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ìlọrin, tó ní òun ń lọ ránṣọ ní Kánò kí owó lè wọlé. Ó rán awakọ̀ akẹ́rù kan sílé pé òun ti gúnlẹ̀ láyọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá a lọ. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ìlú wa tó ń gbé ní Sabon Gari, àdúgbò àwọn àlejò ní Kánò, ó dé ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n yẹ ìwé wò, wọ́n ní àwọn ò ní Pópóọlá kankan. Ó padà wálé, ó ní àbúrò òun ti yí orúkọ padà, ó ti fẹ́ ìyàwó síbẹ̀, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun. Bí wọ́n ṣe sọ ìyá mi di ọmọ ẹni tó gbàgbé ilé nìyẹn. Bí òun àti ọmọ mìíràn bá ń jà nínú agbo ilé, ohun tí wọ́n á fi bú u kò jìnnà.

Lọ́dún yìí, agbo ilé náà tún ilé ńlá kọ́, wọ́n sì fẹ́ gbẹ́ orúkọ àwọn bàbá tó ti kú sára ògiri iwájú. Àwọn àgbà pàdé, wọ́n ní ti Jékọ́bù kò ní sí níbẹ̀, nítorí pé ẹni tó kọ ilé sílẹ̀, ilé náà ti kọ̀ ọ́. Èmi ni inú bí. Abọ́ àti ìkòkò ni mo ń tà lọ́jà, ẹnu mi kì í sì í dùn bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rẹ́ mi jẹ. Oníbàárà mi kan tí wọ́n bí sí Kánò ló sọ fún mi pé ọ́fíìsì ìjọba kan ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí, ìwé àwọn tó gbé ìlú àti ti àwọn tó kú síbẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun, Ìyá Dúpẹ́, tó ń ta oúnjẹ ní Sabon Gari, yóò gbà mí sílé. Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi, mo di ẹrù.

Ní gáréèjì Ìlọrin, ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì náírà ni wọ́n ní kí n san. Mo bá wọn nájà. Akọ̀wé ọkọ̀ wò mí títí, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin náà ẹ wo epo." Mo sanwó. Ọkọ̀ náà dúró ní Jẹ́bbà, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja yíyan lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, mo sì ra méjì, ọ̀kan fún ìrìn, ọ̀kan fún ẹni tí mo ń lọ bá. Kí a tó dé Bídà, a ti jẹ méjèèjì tán, èmi àti obìnrin tó jókòó tì mí. Láti Mókwá lọ ni títì ti di kòtò lórí kòtò. Àwa tá a máa ń kùn pé ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ kò dára, ẹ jẹ́ ká máa dúpẹ́.

Dírẹ́bà wa jẹ́ ará Ìlọrin, Àlùfáà ni gbogbo wọn ń pè é. Mo bi í pé kí ló dé tí kò gba Birnin Gwari, ọ̀nà tí mo gbọ́ pé àwọn ará àtijọ́ ń gbà.

"Màmá," ló dá mi lóhùn, "ọ̀nà tó bá gbé èèyàn délé lọ̀nà tó yá."

Mi ò béèrè mọ́. Ilẹ̀ ṣú bá wa ní Kàdúná, ó sì fàáké kọ́rí pé òun ò ní rìn lóru, a bá sùn síbẹ̀. Láàárọ̀, a gba Sàríà kọjá, ibi tí ìrèké ti tò lọ rẹrẹ lẹ́bàá títì. Lẹ́yìn Sàríà, ilẹ̀ tẹ́jú. Nílùú wa, bí o bá gbójú sókè, òkè kan tàbí igi kan á dá ojú rẹ dúró. Níhìn-ín, ojú ń lọ ṣáá, kò rí ohun tó máa kọlù. Mo ń ro bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe wo ilẹ̀ yìí lójú fèrèsé ọkọ̀ ojú irin, bóyá àyà rẹ̀ já bíi tèmi.

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló gbé mi láti gáréèjì dé Sabon Gari. Mọ́rúwá là ń pè é nílé, àmọ́ orúkọ tí wọ́n ń pè é ní Kánò ni *a daidaita sahu*. Ọ̀rọ̀ tí lèmọ́mù ń sọ kí ìrun tó bẹ̀rẹ̀ ni, ó túmọ̀ sí pé kí ìlà tọ́. Ẹni tó bá rí bí àwọn kẹ̀kẹ́ náà ṣe ń há ara wọn mọ́ lójú títì yóò mọ̀ pé kò sí ìlà kankan níbẹ̀.

Ìyá Dúpẹ́ dúró dè mí lẹ́nu búkà rẹ̀. Obìnrin sísanra, aláwọ̀ pupa, tó ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Kánò ni wọ́n bí i sí, Kánò ni wọ́n bí ìyá rẹ̀ sí, síbẹ̀ ó ní ará Ọ̀yọ́ lòun. "Ìyá Káyọ̀dé, sannu da zuwa," ló fi kí mi káàbọ̀, àkọ́bí mi ló sì fi pè mí, àbúrò rẹ̀, oníbàárà mi, ti sọ orúkọ ọmọ náà fún un. "Ẹ kú gajiya o. Ẹ wọlé, ẹ wá jẹun jàre, ẹ má worry." Dúpẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti lọ́kọ, bá mi gbé báàgì. Yorùbá ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, Haúsá àti Píjìn ló fi ń dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ wa sì yé ara wa láìsí wàhálà. Ó gbé máásà wá fún mi pẹ̀lú ọbẹ̀ ewébẹ̀. Máásà, ìrẹsì lílọ̀ tí wọ́n din nínú agbada oníhò ni, ó ń kan díẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì béèrè òmíràn, nítorí mi ò lè parọ́ fún ikùn mi.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Dúpẹ́ bá mi lọ sí ọ́fíìsì náà. Obìnrin kan tó wọ hìjáàbù aláwọ̀ aró ló wà nídìí tábìlì, Màlámà Rakiya ni wọ́n ń pè é. Bí mo ṣe wọlé ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́ mi, ó sì tẹjú mọ́ mi. Ìyá Dúpẹ́ fi ìgúnpá gún mi, ó ní, "Ẹ kí wọn ná. Níbí, greeting first." Ó wá bẹ̀rẹ̀: "Ina kwana? Ina gajiya? Ina gida?" Ṣé a jí dáadáa, báwo ni àárẹ̀ ara, báwo ni àwọn ará ilé. Lójú mi, ìkúnlẹ̀ kan ṣoṣo ni tiwa nílé, a ti wọnú ọ̀rọ̀. Níhìn-ín, wọ́n kí ara wọn títí mo fi rò pé a ti gbàgbé ohun tá a wá ṣe. Ìgbà tí wọ́n kí tán ni ojú obìnrin náà tó yọ́, tó sì ní kí n jókòó, kí n sọ orúkọ.

Ìwé àwọn tó kú síbẹ̀ láyé òyìnbó ló kọ́kọ́ gbé sílẹ̀. Ó fẹ̀, ó sì wúwo, ikán ti jẹ etí rẹ̀. Wọ́n pín in sí lẹ́tà lẹ́tà. A ṣí P. Ojú ewé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, orúkọ bíi mélòó kan tó jẹ́ ti àwọn òyìnbó ló wà níbẹ̀. Kò sí Pópóọlá. A ṣí J nítorí Jékọ́bù, kò sí. Màlámà gbé ìwé àwọn tó ń gbé ìlú wá, a ṣe bákan náà, òfo. Ojú mi ń ta, eruku kún imú mi. Nígbà tí Màlámà rọra pa ìwé náà dé, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n bàbá àgbà mú bọ̀ láti Kánò ló ń dún létí mi. Òun náà ti jókòó síwájú irú ìwé yìí, òun náà ti gbọ́ pé kò sí. Ó dà bíi pé òótọ́ ló sọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí màá sọ fún ìyá mi.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Dúpẹ́ ní kí n yé fajú ro, kí n bá òun lọ ra ẹran ní Ọjà Sabon Gari. Ohun tí mo rí níbẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọkùnrin ló ń ra ata. Ọkùnrin, pẹ̀lú fìlà àti bàbáńrìgá, ló bẹ̀rẹ̀ tó ń ṣa tòmátò tó le nínú agbọ̀n, tó tún ń gbé àlùbọ́sà sí imú gbóòórùn. *Cefane* ni wọ́n ń pè é, ríra èròjà ọbẹ̀ wálé, iṣẹ́ baálé ni láàárín àwọn Haúsá. Mo sọ fún Ìyá Dúpẹ́ pé bí ọkọ mi bá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jà wa, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin á wá kó ẹrù mi síta.

Ó ní, "Háà, kẹ́ ẹ sì rí wọn lórí price. Ẹ̀yin ò lè bá wọn ná."

Alápatà tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀ ń jẹ́ Màlámù Sani, bàbá arúgbó kan tó ń pọ́n ọ̀bẹ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìyá Dúpẹ́ kí i, wọ́n sọ ti ẹran, ó wá tọ́ka sí mi, ó ní, "Tana neman kakanta, sunansa Popoola." Pé mo ń wá bàbá mi àgbà, Pópóọlá lorúkọ rẹ̀.

Bàbá náà ronú. "Fofola?" ló wí. "Ban san Fofola ba." Òun kò mọ Fofola kankan.

Mo ní, "Pó-pó-ọ-lá."

Ó mi orí pé òun gbọ́. "Haka na ce. Fofola." Ohun tóun náà sọ nìyẹn.

Ìyá Dúpẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ fi í sílẹ̀, Ìyá Káyọ̀dé. Àwọn àgbà wọn, P ò sí lẹ́nu wọn. Gbogbo P, F ni. Ẹ ò gbọ́ wọn ni? Petrol, fetur. Ẹ̀rọ omi, famfo. Bàbá tó bí mi ń jẹ́ Pítà, a bí wa, a dàgbà, Fita ni gbogbo ọjà yìí ń pè wọ́n. Ẹ sì mọ ohun tí fita jẹ́ ní Haúsá? Jáde! Tí wọ́n bá kí bàbá mi láàárọ̀, àlejò á rò pé wọ́n ń lé wọn síta ni."

Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹ̀rín náà ṣe gé mọ́ mi lẹ́nu. Mo rí ojú ewé P tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo yẹn. Nínú ìlú tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí tó báyìí, níbo ni gbogbo Pópóọlá àti Pítà wọn wà? Mo di Ìyá Dúpẹ́ lápá mú, mo ní, "Akọ̀wé tó kọ ìwé yẹn, Haúsá ni àbí Yorùbá?"

Ó dúró wò mí. "Chai," ló wí jẹ́ẹ́. Ó gba ẹran lọ́wọ́ Màlámù Sani. "Ọ́fíìsì ti pa. Ó di àárọ̀."

Mi ò purọ́, mi ò gbádùn oúnjẹ alẹ́ yẹn.

Láàárọ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ kí Màlámà Rakiya. Mo kí i ti ilé, mo kí i ti iṣẹ́, mo kí i ti gajiya, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí Haúsá mi. Mo ní kó bá mi ṣí F nínú ìwé àwọn tó kú. Ojú ewé F pọ̀, ó sì kún bí àtẹ ẹlẹ́ja. Ó fi ìka tọ orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi náà na ọrùn. Nígbà tó yá, ìka rẹ̀ dúró, ó kà á sókè: "Yakubu Fofola. Bayarabe. Madinki. Ogomosho."

Yakubu ni Jékọ́bù lẹ́nu wọn. Bayarabe ni ọmọ Yorùbá. Madinki ni tẹ́lọ̀. Ogomosho kò sì lè jẹ́ ibòmíràn, ẹni tí kò lè pe gb ló pè é bẹ́ẹ̀.

Mo ní kó ka ìyókù. Ó ní ilé Màlámù kan, madinki bíi tirẹ̀, ní àdúgbò Fagge ló ń gbé, kì í ṣe Sabon Gari, ìdí nìyẹn tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ kò fi mọ̀ ọ́n. Àìsàn tí wọ́n kọ ni *sankarau*. Ìyá Dúpẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún mi: yínrùnyínrùn, èyí tó máa ń jà nígbà ooru, tó ń mú ọrùn le. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Màlámà fi ìka tẹ ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀, mo sì ṣírò rẹ̀ mọ́ ọjọ́ tí wọ́n bí ìyá mi. Ìyá mi kò tíì pé ọmọ ọdún kan.

"Allah ya jiƙansa," ni Màlámà wí, kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀, ó sì ti aṣọ ìnujú sọ́dọ̀ mi.

Ẹ má bínú sí mi, inú mi dùn. Mo sunkún, àmọ́ inú mi dùn. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè gbọ́ pé bàbá àgbà òun kú kó sì fẹ́ jó. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń sọ pé ó wà níbì kan tó ń gbádùn, tó kọ̀ wá, ilẹ̀ ló wà. Kò gbàgbé ẹnikẹ́ni. Kò ráyè.

Wọ́n bá mi da ojú ewé náà kọ, wọ́n lu òǹtẹ̀ ìjọba mọ́ ọn, mo san owó rẹ̀ láì nájà. Ní ọ̀sán, Ìyá Dúpẹ́ mú mi lọ sí itẹ́ òkú àtijọ́ tí ìwé náà dárúkọ. Kò sí òkúta tó sọ ẹni tó wà níbì kan, koríko gbígbẹ àti igi dóńgóyárò ni. Ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ na ọwọ́ sí apá kan, ó ní ọ̀dọ̀ àwọn ará àtijọ́ nìyẹn. Mo dúró, mi ò mọ ohun tí màá ṣe. Mo wá rántí pé Àlàmú ni oríkì rẹ̀. Mo pè é. "Àlàmú, Àdùkẹ́ ni mo jẹ́, ọmọ ọmọ yín. Ilé ló rán mi wá kí yín." Ìyá Dúpẹ́ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń nu ojú. Atẹ́gùn ń fẹ́, ibẹ̀ sì tutù ju àárín ìlú lọ.

Ọ̀nà tí a bá lọ náà la bá bọ̀, àfi pé mo sùn jù. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹja Jẹ́bbà mi délé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti àwọn àgbà, kí ó tó kan ìyá mi. Wọ́n gbé awò sójú, wọ́n ka ìwé náà yí po. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Fofola ni wọ́n kọ síbí. Ta ló ń jẹ́ Fofola nílé yìí?" Mo ní kí wọ́n dá owó ọkọ̀, kí wọ́n lọ ra ẹran lọ́wọ́ Màlámù Sani, kí wọ́n ní kó bá wọn pe Pópóọlá. Wọ́n gbẹ́ orúkọ náà sára ògiri. Ẹ̀kọ́ tèmi nínú ìrìn náà kò ju ìyẹn lọ: kí n tó sọ pé ẹnì kan kò sí, kí n kọ́kọ́ béèrè ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é.

Ìyá mi ni mo kọ́kọ́ lọ bá lọ́jọ́ tí mo dé, kí n tó sọ ẹrù kalẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mi ò bo ìkankan. Kò sunkún. Ó ní, "Ọmọ ọdún mélòó lo pè é?"

Mo ní, "Mẹ́rìnlélógún, Mà."

"Káyọ̀dé ńkọ́?"

"Káyọ̀dé ti lé ní méjìdínlọ́gbọ̀n."

Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí itan, ọwọ́ tó ti hunjọ. "Àgbàlagbà ni mo ti ń bá jà láti kékeré," ló wí. "Ọkùnrin ńlá, onírùngbọ̀n, tó jókòó sí Kánò tí kò fẹ́ mi. Àṣé ọmọdé ni." Ó gbójú sókè wò mí. "Ta ló ń fún un lómi mu nígbà tí ara rẹ̀ kò yá?"

Mo ní ìwé kò sọ ọ́.

"Wọ́n á ti fún un," ló dá ara rẹ̀ lóhùn. "Ẹni tó bá lè sin àlejò, á ti fún un lómi." Omi wá lé ròrò sójú rẹ̀ báyìí, kò sì nù ún. "Ká ní ó yè ni, ì bá wálé. Àdùkẹ́, ì bá wálé."